Ẹnì Kan, Àgbọn Kan

Ìyá Àgbà kì í gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kí wọ́n má kọ́kọ́ béèrè pé, "Kí ni mo ṣe fún ọ?" Fún wọn ní ọsàn, wọn á béèrè. Ra búrẹ́dì bọ̀ fún wọn láti Mowó, wọn á béèrè. Nígbà tí mo gba owó oṣù mi àkọ́kọ́ nídìí iṣẹ́ tíṣà, mo kúnlẹ̀, mo gbé díẹ̀ nínú rẹ̀ lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀ bí ẹni pé àlejò ni mí, wọ́n ní, "Sẹ̀nàmi, kí ni mo ṣe fún ọ?" Mo ní, "Háà, Ìyá! Ṣebí ẹ̀yin lẹ tọ́ mi!" Wọ́n ronú sí i, wọ́n tún ronú sí i, wọ́n wá ní, "Ó dáa, ìyẹn tó nǹkan." Ìgbà náà ni wọ́n tó so owó náà mọ́ etí ìró wọn.

Wọ́n ti lọ báyìí. A sin wọ́n sí Gbẹ̀rẹ̀fú, abúlé wa, sínú yanrìn tí wọ́n jà fún, níbi tí èèyàn ti ń gbọ́ ariwo òkun lápá kan, tí ọ̀sà sì wà lápá kejì. N kò fẹ́ to ìtàn ayé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Àwọn fúnra wọn kò mọ ọdún tí wọ́n bí wọn, wọ́n sì máa ń bá ẹni tó bá béèrè jà: "Ṣé o fẹ́ fẹ́ mi ni?" Ohun tí mo fẹ́ sọ ni irú èèyàn tí wọ́n jẹ́, àti ohun kan tí wọ́n ṣe tí àwa ará etí ọ̀sà fi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn dòní. Àwọn kan wà tí kò dúpẹ́ o. Màá dé orí ìyẹn náà.

Obìnrin kúkurú ni wọ́n, ọwọ́ wọn le bíi pátákó nítorí àgbọn tí wọ́n ti ń là láti kékeré. Àdín àgbọn ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n á la àgbọn, wọ́n á rin ín, wọ́n á fún omi rẹ̀, wọ́n á fi í sílẹ̀ títí ọ̀rá yóò fi léfòó, kí wọ́n tó gbé e ka iná èèpo àgbọn. Títí dòní, bí mo bá kọjá lára ẹni tó fi àdín para, ọkàn mi á fò fẹ̀rẹ̀, màá yíjú wò ó bóyá àwọn ni. Wọn kì í gba àgbọn láìgbé e sétí, kí wọ́n mì í, kí wọ́n gbọ́ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń dún. Gbogbo ọjà Àgbádárìgì ló mọ̀ wọ́n mọ́ èyí. Bí ẹni tó ń tà á bá ní kí wọ́n ṣe kíá, wọ́n á gbé ọwọ́ sókè, wọ́n á ní, "Dúró ná, ó ṣì ń bá mi sọ̀rọ̀."

Ègùn ni wọ́n sọ dàgbà, Yorùbá ni wọ́n fi ń tajà, Faransé díẹ̀ sì wà lẹ́nu wọn tí wọ́n kó bọ̀ láti Sẹ̀mẹ̀, ìyẹn fún èébú nìkan. Bí wọ́n bá fi Yorùbá sọ fún ọ pé rárá, o ṣì lè bẹ̀ wọ́n. Bí wọ́n bá fi Ègùn sọ ọ́, tí wọ́n ní "Éò!", gbé bàtà rẹ, máa lọ sílé.

Ilé wọn ni mo gbé dàgbà, torí pé ìyá mi ń ṣòwò kọjá bodè. Ẹni tí a jọ dàgbà níbẹ̀ ni Sẹ̀wànù, àbíkẹ́yìn Ìyá Àgbà, tó jẹ́ àbúrò ìyá mi. Bọ̀dá Sẹ̀wànù ni mo ń pè é, ṣùgbọ́n pàṣán kan náà ló na àwa méjèèjì, nítorí náà ẹ má bínú bí mo bá ń pè é ní "ó" nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá Àgbà nìkan ni "wọ́n" tọ́ sí lọ́dọ̀ mi.

Àwọn obìnrin abúlé wa kì í dá àgbọn rin. Àáró ni wọ́n máa ń ṣe. Lónìí gbogbo wọn á péjọ sílé tèmi, wọ́n á bá mi là á, wọ́n á bá mi rin ín. Bó bá tún di ọjọ́ mìíràn, ó kan ilé tìrẹ. Ẹni tí àáró bá kàn ni yóò fún àwọn tó wá ṣiṣẹ́ lóúnjẹ. Ìyá Àgbà ni olórí àáró, òfin wọn sì ni pé gàrí àti ẹja yíyan ni oúnjẹ àáró. Kò gbọdọ̀ dín, kò sì gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, aládùúgbò wa, ló kọ́kọ́ rú òfin yìí. Ọmọ rẹ̀ Kọ́lẹ́ẹ̀tì ti lọ́kọ olówó ní Kútọnù, nǹkan sì ti ń rọ ìyá náà lọ́rùn. Nígbà tí àáró kàn án, ó se ìrẹsì, ó din adìyẹ, ó tún kó ọtí ẹlẹ́rìndòdò síta. Àwa ọmọdé ń fò sókè. Ìyá Àgbà wo oúnjẹ náà, wọ́n ní, "Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, gbé e wọlé."

Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì rò pé àwàdà ni. Ó ní, "Ẹ jókòó jàre, ẹ jẹun."

"Mo ní gbé e wọlé. Àáró ta ló kàn tẹ̀lé tìrẹ?"

Opó kan ni, tó jẹ́ pé gàrí gan-an ń wọ́n ọn. Obìnrin náà wà níbẹ̀, ó tẹ orí mọ́lẹ̀, ó ń rin àgbọn rẹ̀ lọ. Ìyá Àgbà kò dárúkọ rẹ̀. Wọ́n ní, "Bí o bá fún wa ní adìyẹ lónìí, kí ni ẹni tó kàn yóò fún wa? Yóò ní ara òun kò yá. Tó bá tún yí kàn án, kò ní wá mọ́. Adìyẹ rẹ yìí dára, ṣùgbọ́n èèyàn ló ń lé jáde."

Gàrí la jẹ. Mo sunkún adìyẹ yẹn, n kò ní purọ́. Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì bínú, ó bá Ìyá Àgbà yodì títí òjò ọdún náà fi dá. Ṣùgbọ́n kò fi àáró sílẹ̀, opó yẹn náà kò sì fi í sílẹ̀. Mo ṣì rántí Ìyá Àgbà tí wọ́n ń yọ egungun ẹja lẹ́nu, tí wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni tí kò sọ nǹkan kan: "Oúnjẹ tí gbogbo wa bá lè sè, òun ni oúnjẹ àáró."

Wọ́n máa ń jà o! Ẹ má jẹ́ kí n tìtorí pé wọ́n kú kí n sọ wọ́n di áńgẹ́lì. Wọ́n bá olùṣọ́àgùntàn wa jà nítorí pé ó ń ka orúkọ àwọn tó dáwó ńlá síta níwájú ìjọ. Wọ́n dìde láàárín ìsìn, wọ́n ní kó ka orúkọ àwọn tí kò rí owó dá pẹ̀lú, kí Ọlọ́run lè mọ̀ pé wọ́n wá. Ojú tì mí bíi kí ilẹ̀ lanu. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, a kò gbọ́ orúkọ ẹnikẹ́ni mọ́.

Ìjà wọn pẹ̀lú Pọ̀sù ọlọ́kọ̀ ló gùn jù. Pọ̀sù ló ń fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gbé wa kọjá ọ̀sà lọ sí Àgbádárìgì. Nígbà ìbò kan, ó bá àwọn olóṣèlú gbé ìrẹsì wá sí abúlé, ìrẹsì tí wọ́n lẹ àwòrán ojú olùdíje mọ́ lára àpò. "Dìbò kóo sebẹ̀" náà ni. Èyí tó kan ilé wa, Ìyá Àgbà dà á sílẹ̀ fún adìyẹ. Wọ́n ní adìyẹ ló lè jẹ ẹ́ láìjẹ gbèsè, torí pé adìyẹ kì í dìbò. Láti ìgbà náà, wọn kò wọ ọkọ̀ Pọ̀sù mọ́. Wọ́n á jókòó sétí omi pẹ̀lú kẹ́ẹ̀gì àdín wọn, Pọ̀sù á dé, á kí wọn, wọ́n á máa wo ojú ọ̀run bí ẹni ń wòye òjò. Ọkọ̀ mìíràn lè má dé títí oòrùn á fi kan àtàrí.

Pọ̀sù bẹ̀ wọ́n lójú gbogbo wa. Ó ní, "Ìyá, iṣẹ́ ni wọ́n gbé fún mi. Owó ọkọ̀ ni mo gbà, n kò gba owó ìbò."

Wọ́n ní, "Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá jẹ ìrẹsì yẹn tán, tí a fẹ́ lọ bá ẹni tó ni ín sọ̀rọ̀, ẹnu wo la ó fi sọ ọ́?"

Pọ̀sù ti ọkọ̀ rẹ̀ kúrò létí omi, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ó yẹ kí ẹ mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi ká wọn lára tó bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin kan wà tí gbogbo wa ń pè ní Oníyanrìn. Ó ní ẹ̀rọ ńlá kan tó ń léfòó lórí ọ̀sà, tó ń fa yanrìn láti ìsàlẹ̀ omi, tí àwọn típà sì ń kó o lọ fún àwọn tó ń kọ́lé. Ibi tí ẹ̀rọ náà bá ti ń fa yanrìn, ilẹ̀ etí omi á máa ya lulẹ̀. Àwọn àgbọn tí bàbá àgbà mi gbìn níwájú ilé wa bẹ̀rẹ̀ sí í wó sínú ọ̀sà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyá Àgbà á jí láàárọ̀, wọ́n á rí i pé ọ̀kan tún ti dọ̀bálẹ̀ sínú omi, wọ́n á lọ jókòó tì í bí ẹni tó jókòó ti òkú. Bí ẹ̀rọ yẹn kò bá kúrò, àgbọn á tán, àdín á tán, abúlé náà á sì tẹ̀lé e. Kò sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀.

A lọ fẹjọ́ sùn títí ẹsẹ̀ wa fi ro wá. Olóṣèlú tí a bá lọ bá, Oníyanrìn ti ṣáájú wa débẹ̀. Òun ló ra fọ́ọ̀mù ìdíje fún un, òun ló tẹ pósítà rẹ̀, òun ló ra ìrẹsì tó pín. Wọ́n á fi ẹ̀rín gbọ́ ẹjọ́ wa, wọ́n á ní àwọn yóò wò ó. Nígbà tí a ń padà bọ̀ nínú ọkọ̀, mo ń bínú, mo ń sọ pé ìkà ni wọ́n. Ìyá Àgbà mi orí. Wọ́n ní, "Òkè òkè lọwọ́ afúnni ń gbé, Sẹ̀nàmi. Ọwọ́ tó wà lókè orí wọn ni wọ́n ń wò. Wọn ò rí wa nísàlẹ̀ níbí."

Bọ̀dá Sẹ̀wànù wá ní òun máa du ipò káńsẹ́lọ̀. Inú wa dùn. Ó lẹ́nu, ó mọ̀wé, àwọn ọ̀dọ́ sì fẹ́ràn rẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Oníyanrìn fi ránṣẹ́ sí i pé òun yóò gbé gbogbo ìnáwó: fọ́ọ̀mù, pósítà, ọkọ̀, oúnjẹ. Ó ní òun kò fẹ́ kó ṣe ohunkóhun fún òun. Bọ̀dá sáré wọlé pẹ̀lú ìròyìn náà, èmi náà sì ń jó.

"Kí lo ṣe fún un?" Ìyá Àgbà béèrè.

"N kò ṣe nǹkan kan, Màmá. Ó kàn fẹ́ ràn wá lọ́wọ́ ni."

"Ẹ̀rọ rẹ̀ ńkọ́?"

"Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wọlé ná. Bí mo bá ti débẹ̀, màá sọ̀rọ̀. Owó ni wọ́n fi ń ṣe òṣèlú, Màmá, ẹ̀yin náà mọ̀."

Ìyá Àgbà fi ọ̀bẹ tí wọ́n fi ń yọ àgbọn sílẹ̀. "Sẹ̀wànù, nígbà tí o wà lọ́mọ ọwọ́, bí o bá ń ké, kí ni mo máa ń fi sí ọ lẹ́nu?"

"Ọmú, mà."

"Ṣé o tún máa ń ké?"

"Rárá, mà."

"Ọmú ló fẹ́ fi sí ọ lẹ́nu yẹn."

Bọ̀dá ní òun gbọ́, ṣùgbọ́n kí ni kí àwọn wá ṣe, ṣé yanrìn ni àwọn yóò fi ra fọ́ọ̀mù ni? Ó sọ ọ́ títí, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. "Éò!" ni Ìyá Àgbà fi dá a lóhùn. Ọ̀rọ̀ bùṣe.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n pe àwọn obìnrin àáró jọ, wọ́n ní ìbò yìí, àáró ni. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ kí Sẹ̀wànù lọ bá wa sọ̀rọ̀, kí ó mú àgbọn kan wá. A ó fi ṣe àdín, ohun tí a bá rí lórí àdín náà la ó fi du ipò. Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, tó ti gbàgbé yodì nígbà yẹn, ní òun lè mú àpò kan wá. Wọ́n ní rárá, ẹnì kan, àgbọn kan. Ẹni tó ní oko àgbọn, ọ̀kan. Ẹni tó jẹ́ pé èyí tó já bọ́ ló ń ṣà, ọ̀kan. "Bí o bá mú àpò kan wá, Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì, Sẹ̀wànù á di ọmọ tìrẹ. Kí lo wá fẹ́ kí n ṣe sí oyún tí mo gbé?" Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Báyìí ni àgbọn ṣe ń wọlé. Àna wa kan tilẹ̀ gbé tirẹ̀ wá láti Ìkọ̀gà, wọ́n fún un lómi mu, wọ́n fún un lẹ́ja, wọ́n sì dá àgbọn rẹ̀ padà, wọ́n ní kì í ṣe wọ́ọ̀dù wa ló ti ń dìbò. Ẹlòmíràn á wá láti ọ̀nà jíjìn torí àgbọn kan ṣoṣo, á gbé e lé orí òkìtì níwájú ilé wa, á sì jókòó sọ ohun tó ń dùn ún fún Bọ̀dá kó tó lọ. Bọ̀dá kò lè dìde, torí pé ó ti rí àgbọn ẹni náà. Mo rò pé ohun tí Ìyá Àgbà ń wá gan-an nìyẹn.

Ibẹ̀ ni Oníyanrìn ti ṣìṣe. Ó gbọ́ pé àgbọn ni wọ́n ń gbà, ó sì rò pé àgbọn ni wọ́n ń wá. Ó ra àgbọn kún inú ọkọ̀ Pọ̀sù, òun fúnra rẹ̀ jókòó síwájú ọkọ̀ pẹ̀lú agbádá funfun, ó di abúlé wa lọ́sàn-án gangan. Gbogbo ilé tú síta. Àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo pé ìbò ti di tiwa. Bọ̀dá Sẹ̀wànù kàn dúró gbagidi, ó ń wo ojú ìyá rẹ̀.

Ìyá Àgbà sọ̀ kalẹ̀ lọ sétí omi. Wọ́n kí ọkùnrin náà dáadáa: "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ kú ewu ọ̀nà." Wọ́n wá bọ́ sínú ọkọ̀. Wọ́n mú àgbọn kan, wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì í, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọ́n mú òmíràn, wọ́n mì í, wọ́n fi í sílẹ̀. Wọn kò kánjú. Oòrùn mú Oníyanrìn títí ó fi ń fi etí agbádá nu òógùn. Kò sí ẹni tó láyà láti rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo rí Pọ̀sù tó kọjú sí omi, tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbẹ̀yìn, wọ́n rí ọ̀kan tó tẹ́ wọn lọ́rùn. Wọ́n gbé e mọ́yà, wọ́n jáde nínú ọkọ̀, wọ́n lọ fi í lé orí òkìtì pẹ̀lú tàwọn yòókù.

"Ẹ ṣeun, ọ̀gá," ni wọ́n wí. "Tiyín ti pé. Ẹ máa kó ìyókù lọ."

Oníyanrìn rẹ́rìn-ín. "Ìyá, gbogbo rẹ̀ ni mo kó wá fún yín."

"Mo rí i. Ọlọ́run á bù kún un. Ṣùgbọ́n èèyàn kan ṣoṣo lẹ̀yin náà jẹ́."

Ẹ̀rín náà kú mọ́ ọn lẹ́nu. Ọkọ̀ padà sí Àgbádárìgì bó ṣe kún tó. Nígbà tí Pọ̀sù já Oníyanrìn sílẹ̀ tán, òun náà padà wá pẹ̀lú àgbọn kan lọ́wọ́, ó dúró níwájú Ìyá Àgbà bí ọmọ tó jẹ̀bi.

"Kí ni mo ṣe fún ọ?" wọ́n bi í.

"Ẹ kò wọ ọkọ̀ mi mọ́, Ìyá. Ó ń dùn mí."

Wọ́n gba àgbọn náà, wọ́n gbé e sétí, wọ́n mì í. "Ó dáa," wọ́n ní. "Mò ń lọ sọ́jà lọ́la. Má pẹ́ o."

Ẹ má rò pé a wọlé. A fìdí rẹmi. Oníyanrìn gbé ẹlòmíràn dìde, nígbà tó sì di àárọ̀ ìbò, álẹ́ẹ̀tì owó ń wọlé sórí fóònù àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe wà lórí ìlà. Àwọn kan tó mú àgbọn wá gan-an gbà á. Mo mọ̀ wọ́n. Mo ti di ìró mi le, mo ń lọ bá wọn jà láti ilé dé ilé, kí Ìyá Àgbà tó fà mí lápá. "Jókòó," wọ́n ní. "Ebi ń pa wọ́n, ẹnì kan sì mọ̀ pé ebi ń pa wọ́n, ló ṣe na owó sí wọn. Ẹni tó nà án ni kí o bínú sí." Ìyá Àgbà fúnra wọn lọ bá àwọn èèyàn náà rin àgbọn bíi ti tẹ́lẹ̀, wọn kò sì ta ọ̀rọ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ní gbogbo àsìkò náà, àgbọn ń wó sínú omi.

Nígbà tí ìbò mìíràn dé, àwọn tó gba owó ló kọ́kọ́ gbé àgbọn wá, torí pé ọ̀sà ti dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn. A wọlé. Nígbà tí Bọ̀dá Sẹ̀wànù dìde ní káńsù, tó dárúkọ ẹ̀rọ yanrìn, kò sẹ́ni tó lè wò ó lójú kó ní, "Ṣebí èmi ni mo ṣe ọ́ lóore." Ó sọ ọ́ lónìí, ó tún un sọ lọ́la, ó kó àwọn obìnrin àáró lọ jókòó síbẹ̀ títí ọ̀rọ̀ náà fi sú gbogbo wọn. Wọ́n sún ẹ̀rọ náà kúrò níwájú abúlé wa. Ó ṣì wà lórí ọ̀sà, n kò ní tàn yín, a máa ń rí èéfín rẹ̀ lọ́ọ̀ọ́kán. Ṣùgbọ́n àwọn àgbọn tó kù níwájú ilé wa ṣì dúró. Abẹ́ wọn ni mo jókòó sí tí mo fi ń kọ èyí. Ìyá, ẹ ṣeun. Ẹ ṣeun gan-an ni.

Ìyá Àgbà kò tìtorí ipò yẹn gbé ọmọ wọn gẹ̀gẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá ti wálé, "Ọnọrébù, wá bó èèpo àgbọn." Ó ní àwọn èèyàn ń wo òun. Wọ́n ní, "Kí wọ́n máa wò. Àgbọn wọn náà ló ń bó."

Nígbà tí àìsàn dé, kò fi wọ́n pẹ́. Ìbò mìíràn sì ti ń sún mọ́lé. Ẹ mọ bí ilẹ̀ wa ṣe rí: òkú ìyá ọnọrébù kì í ṣe òkú kékeré. Wọn ò tíì gbé wọn kúrò lórí ẹní tí àwọn ẹbí ti ń sọ pé a kò lè sin wọ́n bí ẹni sin adìyẹ. Wọ́n fẹ́ kánópì, wọ́n fẹ́ ọtí, wọ́n fẹ́ màlúù. Bọ̀dá Sẹ̀wànù kò ní in. Òun tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ra ìbò fún òun, ojú ń tì í pé ayé á ní ó wọ́ ìyá rẹ̀ nílẹ̀. Oníyanrìn wá pè é lórí fóònù láti bá a kẹ́dùn. Ó ní òun yóò mú màlúù wá, àti gbogbo ohun tó bá yẹ. Bọ̀dá kò ní bẹ́ẹ̀ ni, kò ní bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní, "Ẹ ṣeun, sà."

Mo wà níbẹ̀. Ta ló ń dá ẹ̀bùn òkú padà? Ẹni tó bá bá ọ sin ìyá rẹ, o ò tún lè gbójú sókè wò ó mọ́. Bí màlúù yẹn bá fi lè tẹ ilẹ̀ abúlé wa, ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yanrìn parí nìyẹn, ẹnu Bọ̀dá ti kún. Oníyanrìn ti kọ́gbọ́n. Kò gbé àgbọn wá mọ́.

Pọ̀sù kọ̀ láti gbé màlúù náà. Ọkọ̀ mìíràn ló gbé e dé láàárọ̀ ìsìnkú, pẹ̀lú Oníyanrìn fúnra rẹ̀. Àwọn ẹbí ti sá lọ sétí omi pẹ̀lú okùn, wọ́n ń yọ̀. Bọ̀dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. Ni Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì bá la àárín èrò wọlé, ó gbé nǹkan kan tó fi ìborùn wé.

"Sẹ̀wànù," ó ní, "ìyá rẹ ní kí n gbé èyí fún ọ."

Àgbọn kan ni.

"Ìgbà wo?" Bọ̀dá béèrè.

"Nígbà tí wọ́n wà lórí ẹní. Wọ́n ní kí n gbé e fún ọ bí mo bá rí màlúù."

"Kí ni kí n fi ṣe?"

"Tiwọn ni, fún ìbò tó ń bọ̀. Wọ́n ní àwọn lè má sí nílé."

Bọ̀dá gba àgbọn náà. Ó gbé e sétí, ó mì í, bí wọ́n ṣe máa ń ṣe. Ó bú sẹ́kún, ẹkún tí n kò gbọ́ lẹ́nu rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ń nà wá. Nígbà tó sunkún tán, ó dìde, ó gbé àgbọn náà dání lọ sétí omi.

"Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá," ó ní. "Ẹ kú ewu ọ̀nà. Ẹ ṣeun tí ẹ wá bá mi kẹ́dùn. Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ wá jókòó pẹ̀lú wa. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, màlúù á padà."

"Sẹ̀wànù! Ìyá rẹ la fẹ́ sin o!" ni Oníyanrìn wí.

"Mo mọ̀, sà. Àwọn náà ló ní kó padà."

Àwọn ẹbí ń kùn, ẹlòmíràn pòṣé, ẹlòmíràn ní ìtìjú ayé rèé. Ìyá Kọ́lẹ́ẹ̀tì àti àwọn obìnrin àáró ti ń gbé oúnjẹ síta: gàrí àti ẹja yíyan, láti ilé kọ̀ọ̀kan. Oníyanrìn kò sọ̀ kalẹ̀. Màlúù náà ń ké títí ó fi sọdá ọ̀sà, ohùn rẹ̀ ń gba orí omi bọ̀, a sì ń gbọ́ ọ bí a ṣe ń jẹun. Ìyá Àgbà ì bá ti rẹ́rìn-ín títí omi á fi jáde lójú wọn.

A sin wọ́n. Lẹ́yìn náà, Bọ̀dá Sẹ̀wànù tẹ́ ẹní sílẹ̀ níwájú ilé, níbi tí òkìtì máa ń wà, ó gbé àgbọn wọn lé e. Kò tíì sí ẹni tó mú tirẹ̀ wá. Mo lọ mú tèmi wá, mo kúnlẹ̀, mo gbé e tì í. N kò tètè dìde. Mo ń retí kí wọ́n bi mí pé kí ni àwọn ṣe fún mi. Ìyá, n kò mọ ibi tí màá ti bẹ̀rẹ̀.